Oòrùn ń ràn, afẹ́fẹ́ ò sí, wọ́n ní òkun ò ṣeé wọ̀. Ẹ̀yin tó mọ̀, ẹ là mí lóye

Ìyá Ẹlẹ́ja Láfẹ̀nwá (Ọjọ́rú, 6:40 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ẹja yíyan ni mò ń tà ní Láfẹ̀nwá, ṣawá àti àgbọ̀dọ̀ pàápàá. Ọwọ́ àwọn ọmọ Ìlàjẹ kan tó ń pẹja lápá Lẹ́kí ni mo ti ń rà á ní tútù. Àná ló yẹ kí ẹja dé. Ẹni tó máa ń kó o wá pè mí ní ìdájí, ó ní, "Mọ̀mí, ẹ má retí wa, òkun ò gbà."

Mo ní ṣé òjò ń rọ̀ níbẹ̀ ni? Ó ní rárá. Ṣé ìjì ń jà? Ó ní afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ kò lè pa àtùpà. Oṣù Kẹjọ náà la sì wà, òjò ti dáwọ́ dúró díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ọmọ mi ọkùnrin wá ṣí fóònù, ó ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ìgbì: mítà 2.1, ìṣẹ́jú-àáyá 16". Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé òkun lè máa bínú láìsí ìjì, àbí àwọn ọmọ yìí fẹ́ fi owó lé ẹja ni wọ́n ṣe ń sọ tibí sọ tọ̀hún? Ààrò mi tutù láti àná, àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta jókòó, ojú mi ni wọ́n ń wò.

Ajílala Pansẹ́kẹ́ (7:02)

Mọ̀mí, wọ́n ti rí oníbàárà tó ń sanwó jù yín lọ ni. Ìgbì wo ló ń bínú lábẹ́ oòrùn? 😂

Atukọ̀ Àtijọ́ (7:55)

Ìyá wa, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má dá Ajílala lóhùn, ẹni tó ń ta fóònù ní Pansẹ́kẹ́ kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn Bàdágìrì. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun kí n tó wá jókòó sí Ìbarà níbí. Òótọ́ ni ọmọ yẹn sọ fún yín.

Ìgbì oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ni èyí tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gan-an ń rú sókè. Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ dákẹ́, kò pẹ́ tí òun náà fi rọlẹ̀. Kúkúrú ni, ó ń ta gìjà-gìjà, orí rẹ̀ a máa funfun. Èkejì ni èyí tí ìjì rú sókè níbòmíràn, tó wá ń dá rìn kiri títí tó fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò gbọ́ ìró ìjì náà rárá. Swell là ń pè é nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n èmi máa ń pè é ní ìgbì àlejò, torí ibi tí ẹ ti rí i kọ́ ni wọ́n bí i sí.

Èyí tó ń wá sọ́dọ̀ wa, ìsàlẹ̀ Òkun Àtìláńtíìkì ló ti ń wá, ní gúúsù pátápátá, níbi tó tutù. Láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹsàn-án ni ìgbà òtútù wọn, àkókò yẹn ni ìjì ibẹ̀ máa ń le jù. Etíkun wa sì kọjú sí gúúsù, àárín wa àti ibẹ̀ ṣófo, omi nìkan ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìgbà tí òjò bá dáwọ́ dúró ní Abẹ́òkúta, tí ẹ̀ ń sá elùbọ́ sórí àpáta, ìgbà náà gan-an ni òkun Èkó máa ń le.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan fún yín. A so ìdákọ̀ró sílẹ̀ níwájú Èkó lóru ọjọ́ kan, à ń dúró kí wọ́n pè wá wọ èbúté. Omi ń dán bíi dígí, ìràwọ̀ kún ojú ọ̀run. Kúùkù wa ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí kalẹ̀. Ọkọ̀ rọra fẹ̀gbẹ́ sí ọ̀tún, ó dúró bí ẹni tó ń ronú, ó tún fẹ̀gbẹ́ sí òsì. Kò kánjú rárá. Ìgbà kẹta tó ṣe bẹ́ẹ̀, ìkòkò yọ̀ kúrò lórí ààrò, ó dé ẹnu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó dìde. Búrẹ́dì la jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tó fà á ni pé afẹ́fẹ́ àti ìṣàn omi ló ń darí imú ọkọ̀ tó so ìdákọ̀ró, àlejò yẹn sì ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé tirẹ̀.

Ọmọ Alábàtà (8:31)

Ẹ káàárọ̀ ma, ẹ káàárọ̀ sà. FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta níbí, ni mo wà, ẹ̀ka tó ń rí sí omi àti ojú ọjọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Òkun kọ́ ni iṣẹ́ wa gan-an, ṣùgbọ́n olùkọ́ wa kan fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó máa ń jẹ àkókò olùkọ́ mìíràn.

Ìṣẹ́jú-àáyá 16 yẹn ni àkókò tó wà láàárín orí ìgbì kan àti orí èyí tó tẹ̀lé e. Mọ̀mí, òun ni kí ẹ máa kọ́kọ́ wò kí ẹ tó wo mítà. Ìgbì tí afẹ́fẹ́ ìtòsí rú kì í sábà ju 4 sí 7 lọ. Bó bá ti lé ní 12, ọ̀nà jíjìn ló ti wá.

Ẹ wo ìṣirò kan. Lójú agbami, ẹ fi 2.8 sọ iye ìṣẹ́jú-àáyá yẹn di púpọ̀, ẹ ó rí iye kìlómítà tí ọ̀wọ́ ìgbì náà ń rìn ní wákàtí kan. 16 lọ́nà 2.8, ó lé díẹ̀ ní 44. Ní ọjọ́ kan ó ti lé ní 1,000 kìlómítà. Láti 50 dígírì gúúsù dé Èkó, bíi 6,300 kìlómítà ni. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà nìyẹn. Ìjì tó pa ààrò yín láná, Ọjọ́rú tó kọjá ló jà, ó sì ṣeé ṣe kó ti tú ká kó tó di pé ìgbì rẹ̀ dé Lẹ́kí.

Ajílala Pansẹ́kẹ́ (8:40)

Háà. Ìjì ti kú, ọmọ rẹ̀ ṣì ń rìn bọ̀. Mo tọrọ àforíjì, Mọ̀mí.

Ṣùgbọ́n fóònù tèmi sọ pé mítà 0.3 ni lánàá o, Èkó náà sì ni mo tẹ̀ sí i.

Atukọ̀ Àtijọ́ (8:58)

Ọ̀sà ló ń kà fún ọ, kò ka òkun. Àwọn kan nínú nǹkan orí fóònù yẹn, bí ẹ bá tẹ orúkọ ìlú, àárín ìlú ni wọ́n máa ń mú. Gbé àmì náà kúrò lórí ilẹ̀, gbé e sórí omi lóde, kí o tún un wò.

Ìyá Ẹlẹ́ja Láfẹ̀nwá (9:20)

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ọmọ mi, bàbá náà ẹ ṣé. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ò tíì yé mi. Mítà 2.1 ni wọ́n kọ, òkè àjà ilé mi ga jù bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ yẹn sì ní ìgbì tó rí ga ju ilé lọ. Ta ló ń parọ́ nínú fóònù àti ọmọ náà?

Ọmọ Alábàtà (9:47)

Kò sí ẹni tó parọ́ ma. Iye tí wọ́n ń kọ yẹn kì í ṣe gíga gbogbo ìgbì. Ẹ jẹ́ ká ní ìgbì 300 kọjá. Wọ́n á ṣa 100 tó ga jù nínú wọn, wọ́n á wá kọ ìwọ̀n gíga àwọn 100 yẹn. Bí wọ́n bá kọ 2.1, ọ̀pọ̀ ìgbì ni kò tó bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn sì jù ú lọ. Bí ènìyàn bá dúró wò ó fún wákàtí mélòó kan, ó lè rí ẹyọ kan tó sún mọ́ mítà 4.

Agbami ni a ṣì ń sọ o. Bó bá dé etí, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìgbì tó ní ìṣẹ́jú-àáyá 16 gùn tó 400 mítà láti orí sí orí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń kan ilẹ̀ níbi tí omi ṣì jìn tó 200 mítà. Bó ṣe ń súnmọ́ etí, iwájú rẹ̀ ń falẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ń tì í, ó wá ń ga sókè bí èrò tí wọ́n há mọ́ ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Ìgbì kékeré tó ní ìṣẹ́jú-àáyá 5 kò gùn ju 40 mítà lọ, kò mọ̀ pé ilẹ̀ wà lábẹ́ òun títí omi yóò fi ku nǹkan bí 20 mítà. Nítorí náà mítà 2 kan lè ju mítà 2 mìíràn lọ fíìfíì.

Ọmọ Ìlàjẹ (11:15)

Mo wà ní Abẹ́òkúta báyìí, Àdàtán, iṣẹ́ bíríkìlà ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ apẹja ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Ibi tí ikú wà kì í ṣe àárín òkun. Etí ni. Ẹni mẹ́fà tàbí mẹ́jọ á dúró sínú omi dé ìbàdí, ọwọ́ lára ọkọ̀, ẹnì kan á ti di ẹ́ńjìnnì mú. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àfi bàbá tó ń ka ìgbì. Àwọn ńlá máa ń tẹ̀lé ara wọn wá, bíi márùn-ún, bíi méje, lẹ́yìn náà omi á mí díẹ̀. Ibi tó ti ń mí yẹn ni bàbá á ti pariwo, gbogbo wa á tì í, a ó fò wọlé, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ́ńjìnnì bá fi ìṣẹ́jú kan péré ṣàìdáhùn, ìgbì á mú ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́, á yí i dà bí igbá.

Ọjọ́ tí irú àlejò tí bàbá ń sọ yìí bá dé, ọ̀nà jíjìn ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Bó ti wù kí omi mí tó, kò tó fún ọkọ̀ onípákó láti kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Ìyá, ẹ má bá àwọn ọmọ yẹn jà. Wọ́n ka ìgbì, kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n padà sílé. Àgbà ló kọ́ wọn.

Ayétòrò ni wọ́n bí mi sí. Wọ́n dá ìlú yẹn sílẹ̀ ní 1947, a máa ń pè é ní ìlú ayọ̀. Ilé tí ìyá mi bí mi sí, inú òkun ló wà báyìí. Mo lè fi ìka tọ́ka sí ibẹ̀ fún yín láti etí omi.

Ìdòwú Ìtòkú (12:03)

Ọlọ́run á tù yín nínú, ẹ̀gbọ́n. Ó mú mi rántí Kuramo ní Èkó, ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ 2012, tí omi gbá àwọn ènìyàn lọ. Oṣù Kẹjọ yìí kan náà.

Ọmọ Alábàtà (12:20)

Oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ni nígbà yẹn, ní ọjọ́ 17. Bí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí tó bá dé àrànmọ́jú, omi òkun máa ń wọlé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbì àlejò nìkan ní ìṣòro tirẹ̀. Bó bá wá bá omi tó ti kún tẹ́lẹ̀, orí omi yẹn ló máa gùn wọ ìlú.

Adé Olókun (1:10 ọ̀sán)

Ẹ ti ka ìwé tán, ẹ ò dárúkọ ẹni tó ni ilé. Àwọn baba wa kì í wọ òkun láìtọrọ ààyè lọ́wọ́ Olókun. Ìyẹn náà ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ tó dára.

Atukọ̀ Àtijọ́ (1:34)

Ẹ̀gbọ́n, a ò bá yín jà. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru, àwọn baba kan náà ló sọ bẹ́ẹ̀, mo sì gbà pé òun ni àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ tó kúrú jù tí mo gbọ́ rí. Nínú ọkọ̀ tiwa, ìwé ló máa ń wọlé láti orí sátẹ́láìtì. Wọ́n pín òkun ayé sí agbègbè-agbègbè, tiwa bọ́ sí abẹ́ ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ Faransé, Météo-France. Ti ilé wa, NiMet, náà ń ṣe tirẹ̀ fún etíkun. Ìwé náà ní apá mẹ́ta. Ìkìlọ̀ ló ṣáájú, lẹ́yìn rẹ̀ ni bí ojú ọjọ́ ṣe rí káàkiri, àsọtẹ́lẹ̀ gan-an ló kẹ́yìn.

Ibi tí àwọn ọ̀dọ́ atukọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Ìkìlọ̀ afẹ́fẹ́ kì í jáde àfi tí afẹ́fẹ́ bá máa tó nọ́ọ̀tì 34, bíi 63 kìlómítà ní wákàtí kan. Lápá òkun Gínì tiwa, ìyẹn ò wọ́pọ̀. Wọ́n á rí i pé apá kìíní ṣófo, wọ́n á pa ìwé dé, wọ́n á lọ sùn. Apá kẹta, níbi tó kéré jù, lọ́rọ̀ ìgbì àlejò máa ń fara pamọ́ sí. Ọ̀gá mi àkọ́kọ́ máa ń ka ìwé yẹn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Wèrè la pè é nígbà náà.

Sísí Òkè-Ìléwó (3:05)

Ẹ dákun, ṣé ẹ ti rí ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp? Wọ́n ní họ́ríkéènì ńlá ń bọ̀ wá sí Èkó lópin ọ̀sẹ̀, pé kí gbogbo ẹni tó ní ènìyàn ní Èkó pè wọ́n wá sí Abẹ́òkúta. Àǹtí mi ti ń di ẹrù láti Ajah.

Ọmọ Alábàtà (3:41)

Sísí, ẹ ní kí Àǹtí tú ẹrù wọn. Họ́ríkéènì ò lè ṣe é láìsí yíyí ayé, òun ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ pòòyì. Agbára yẹn kò tó nǹkan nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í sábà dìde láàárín nǹkan bíi dígírì 5 sí ìlà náà. Etíkun wa, láti Calabar dé Bàdágìrì, dígírì 4 sí 6 àti ààbọ̀ ló wà. Èyí tó bá sì dìde lókè lọ́hùn-ún, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń gbé e lọ sí ìwọ̀-oòrùn ni. Ẹ̀yìn ló ń kọ sí wa.

Ṣùgbọ́n kókó tó dùn mọ́ mi jù rèé: àwa là ń fi họ́ríkéènì ránṣẹ́ sí àwọn ẹlòmíràn. Láti apá Sudan àti àwọn òkè Ethiopia ni ìrúkèrúdò afẹ́fẹ́ kan ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á rìn kọjá gbogbo apá àríwá wa, Niger, Mali, títí dé Senegal, á wá bọ́ sí òkun. Bí ọgọ́ta ló ń kọjá lọ́dún. Ọ̀pọ̀ jùlọ kì í di nǹkan kan. Díẹ̀ nínú wọn á bá omi tó gbóná tó dígírì 26 àti ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pàdé, wọ́n á sì di ìjì. Nínú àwọn họ́ríkéènì Àtìláńtíìkì tó le jù, ó lé ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tó ti ibẹ̀ wá. Beryl tó ba Carriacou ní Grenada jẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2024, ọ̀dọ̀ wa ló ti jáde. Fred ní 2015 ò tiẹ̀ rìn jìnnà, Cape Verde ló kọlù, irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ láti 1892.

Atukọ̀ Àtijọ́ (4:00)

Gúúsù ń fi ìgbì ránṣẹ́ sí wa, àwa ń fi ìjì ránṣẹ́ sí ìwọ̀-oòrùn. Kò sí ẹni tó jẹ ara rẹ̀ ní gbèsè.

Sísí Òkè-Ìléwó (4:12)

Mo ti pè wọ́n. Wọ́n ní àwọn á ṣì wá, pé àwọn ti ra ọ̀pá búrẹ́dì mẹ́wàá. 🙄

Ẹ̀fúùfù tó ṣí páànù ilé wa ní Àṣẹ̀rọ̀ nínú oṣù Kẹrin ńkọ́? Ṣé òun náà lọ di họ́ríkéènì ní Amẹ́ríkà?

Ọmọ Alábàtà (4:50)

Rárá o, ìgbà họ́ríkéènì wọn kò tíì dé nígbà yẹn. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ló ń bẹ̀rẹ̀, ó ń parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá, àárín oṣù Kẹsàn-án ló sì máa ń gbóná jù. Ṣé apá Ìbàdàn ni ẹ̀fúùfù yẹn ti wá, tí eruku kọ́kọ́ dé, tí òtútù wá tẹ̀lé e, kí òjò tó rọ̀?

Sísí Òkè-Ìléwó (4:55)

Gẹ́lẹ́! Ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò.

Atukọ̀ Àtijọ́ (5:20)

Ìlà ìjì nìyẹn. Bó bá ti ṣe yín tán ní Àṣẹ̀rọ̀, ìwọ̀-oòrùn ló ń lọ, ìrù rẹ̀ sì lè gba orí omi Èkó kọjá. Lójú òkun, òun ni mo bẹ̀rù jù. Ìgbì àlejò, wọ́n ti ń sọ ọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin ṣáájú, kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ tàsé. Ìlà ìjì yìí lè yọ láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ ó rí etí ìkùukùu tó tẹ̀ bí ọrun, afẹ́fẹ́ tútù á fọwọ́ kàn yín lẹ́rẹ̀kẹ́, kí ẹ tó pe orúkọ ìyá yín ó ti dé. Ẹni tó bá ní kí n yàn láàárín ìsọfúnni méjèèjì, ti ìgbì ni mo fọkàn tán. Ti òjò, mo ń gbọ́ ọ, mo sì ń gbójú sókè.

Ìdòwú Ìtòkú (6:15 ìrọ̀lẹ́)

Ta ló ń wà lójú òkun tó ń wọn gbogbo èyí? Ẹnikẹ́ni ò gbé ibẹ̀.

Ọmọ Alábàtà (6:33)

Sátẹ́láìtì ló ń wo púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tó ń léfòó tún wà tí wọ́n so mọ́ ìsàlẹ̀ òkun. Amẹ́ríkà, Faransé àti Brazil ló ní àwọn tó wà nínú Àtìláńtíìkì ilẹ̀ olóoru, PIRATA ni orúkọ iṣẹ́ náà, láti 1997. Ọ̀kan wà ní ibi tí dígírì jẹ́ òdo lọ́tùn-ún lósì, ní gúúsù Gánà. Ó ń wọn afẹ́fẹ́, òjò àti bí omi ṣe gbóná tó. Àwọn apẹja kan máa ń so ọkọ̀ mọ́ wọn torí ẹja máa ń kó sábẹ́ wọn, nígbà mìíràn wọ́n á sì bà á jẹ́.

Ọmọ Ìlàjẹ (6:50)

A ò mọ ohun tó jẹ́ nígbà náà o 😅

Ajílala Pansẹ́kẹ́ (7:10 alẹ́)

Ìbéèrè kan péré: ṣé òkun tó kún yìí lè ti Odò Ògùn padà sórí wa?

Ọmọ Alábàtà (7:28)

Kò lè dé Abẹ́òkúta, a ga jù. Apá Ìṣẹ̀rì lọ́hùn-ún, tí odò ti ń wọ ọ̀sà, ló lè dí i lọ́nà. Tiwa níbí, òjò òkè àti omi tí wọ́n bá tú láti ìsédò Ọ̀yán ni kí ẹ máa ṣọ́.

Ìyá Ẹlẹ́ja Láfẹ̀nwá (Ọjọ́bọ̀, 8:05 alẹ́)

Mo sọ ọ̀rọ̀ kíka ìṣẹ́jú-àáyá láàárín ìgbì kan sí èkejì yẹn fún ọmọ tó máa ń kó ẹja wá fún mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá òun ti ń kà á kí wọ́n tó ṣe fóònù. Mo ní kó ṣáà fi aago kà á fún mi lọ́la.

Ọmọ Alábàtà (8:30)

Ẹ ní kó kà á ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ma. Àwọn tó gùn jù ló ń yára jù, àwọn ló ń kọ́kọ́ dé. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, iye yẹn á máa dínkù. Bó bá ti ń bọ́ sílẹ̀, ìrù àlejò náà ló ń kọjá, àfi tí òmíràn bá tún wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja Láfẹ̀nwá (Àbámẹ́ta, 5:12 ìrọ̀lẹ́)

Ó pè mí lánàá, ó ní, "Mọ̀mí, ó ti di 11." Mo ti gbàgbé, mo ní kí ni 11? Ó ní ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n máa kà. Òru ni wọ́n wọ òkun. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà ló dé ọ̀sán yìí, ṣawá tó mọ́ra, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà létí rẹ̀. Ààrò ti gbóná, èéfín ti gba ojú mi, mi ò lè tẹ̀ ẹ́ pẹ́.

Ajílala Pansẹ́kẹ́ (5:20)

Mọ̀mí mi àtàtà! Ẹ bá mi fi ti ẹgbẹ̀rún márùn-ún sílẹ̀. Iye ti tẹ́lẹ̀ náà ni, àbí?

Ìyá Ẹlẹ́ja Láfẹ̀nwá (5:41)

Ti gbogbo ènìyàn, iye ti tẹ́lẹ̀ ni. Tìrẹ, mo ti fi ẹgbẹ̀rún kan lé e. Owó ìgbì àlejò ni.